Ìran Ni Mo Wá Wò

Kò sí ẹni tí ó gbà pé ọmọ Yorùbá lè rìnrìn àjò láìnídìí. Bí a bá ti gbé àpò, ó ní láti jẹ́ pé òkú wà níbì kan, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ọjà, tàbí ọ̀rọ̀ ìwé. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, a jẹ́ pé a ń sá fún nǹkan. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi rí ìsinmi gbà ní Houston ní àkókò kan náà, èyí tí àwa méjèèjì kà sí iṣẹ́ ìyanu, tí a sì pinnu láti wọ bàálù lọ sí Veracruz, ìlú etíkun kan ní Mẹ́síkò, kí a háyà mọ́tò níbẹ̀, kí a sì máa rọra wà á gba ọ̀nà àtijọ́ tí ó gun òkè lọ sí Puebla, kò sí ẹni tí ó gbà wá gbọ́ pé ìran ni a fẹ́ lọ wò. Pásítọ̀ wa rò pé a fẹ́ lọ dá ẹ̀ka ìjọ sílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lé wa lórí. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ alẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, kò tilẹ̀ béèrè ohunkóhun. Ó kàn ṣírò owó bàálù wa sí náírà, ó kọ ọ́ jáde láìfi òdo kan sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi láago mẹ́rin ìdájí.

Ẹ̀bi wọn kọ́, nítorí Veracruz pàápàá kò mọ arìnrìn àjò lásán. Hernán Cortés, ọ̀gágun Sípéènì tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ náà, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1519, òun náà kò sì wá wòran. Odi San Juan de Ulúa tí àwọn Sípáníìṣì fi òkúta iyùn mọ sí ojú omi ni ọkọ̀ tí ó kó fàdákà ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí ó kó àwọn èèyàn dúdú ń gbà wọlé. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti Benito Juárez mọ́ ibẹ̀ ní 1853 kí wọ́n tó lé e kúrò nílùú, ó sì bá ara rẹ̀ ní New Orleans, níbi tí ó ti ń wé sìgá ní ilé iṣẹ́ tábà kí ó lè rí oúnjẹ jẹ. Amòfin ni o, ó sì ti ṣe gómìnà Oaxaca rí! Ara tù mí débi pé mo ka ìtàn náà sókè fún ìyàwó mi, ẹni tí ó kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì, tí ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn arúgbó kiri ní Houston. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Bàbá yẹn padà sílé, ó sì di ààrẹ. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ohun tí ó wu òun ní Veracruz ni kọfí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé kọfí dúdú díẹ̀ wá nínú ife gíláàsì. Bí o bá fẹ́ wàrà, wàá fi ṣíbí kan ife náà gbinrin gbinrin, agbáwo á gbé kẹ́tùlù dé, á gbé e ga sókè, á sì da wàrà gbígbóná sínú ife láìta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ìyàwó mi kan ife títí inú rẹ̀ kò gba wàrà mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé Amẹ́ríkà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun kan nǹkan tí ẹnì kan sáré wá dá òun lóhùn. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín púpọ̀, nítorí mo mọ àwọn ilẹ̀kùn tí ó ní lọ́kàn. Mo sáré ra tamal tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, ó sì tú u pẹ̀lú ìrètí ńlá pé móínmóín ni yóò bá. Àgbàdo ni ó bá, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láàrin rẹ̀. Ó jẹ mẹ́ta kí ó tó lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn ún tó.

Láti ibẹ̀ ni a ti wọ àárín oko ìrèké, a sì yà ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Yanga. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà, Gaspar Yanga, ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni. Ó sá wọ orí òkè ní nǹkan bí 1570, òun àti àwọn tí wọ́n jọ sá sì ń dá àwọn ẹlẹ́rù lọ́nà lójú ọ̀nà yìí gan-an, títí àwọn aláṣẹ Sípéènì fi rán ọmọ ogun sí wọn ní 1609. Apá wọn kò ká a. Wọ́n padà bá a jókòó, wọ́n sì gbà kí ó ní ìlú tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tún pè é lẹ́rú mọ́. Ní 1618, wọ́n tẹ ìlú Córdoba dó sí tòsí, kí ojú wọn lè máa tó ọ̀nà náà. Mo dúró ti ère Yanga pẹ̀lú àdá rẹ̀, mo sì ya àwòrán. Bí mo ti gbé àwòrán náà síta ni ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé pé bàbá náà jọ ẹni ńlá, kí n rọra bá a sọ̀rọ̀ nípa páànù ilé tí òun ń kọ́.

Kò pẹ́ tí a kọjá Córdoba ni àwọn aláṣọ iṣẹ́ kan dá wa dúró. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń tó ogún, pẹ̀lú ìbọn gígùn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ òótọ́ fún, méjìlá ni wọ́n. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé méjì ni wọ́n. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà aláwọ̀ búlúù tí ó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n kí i, wọ́n tilẹ̀ bi í bóyá oòrùn kò pọ̀ jù fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí tèmi, aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

“Haiti?”

Mo ní rárá, Nàìjíríà ni. Wọ́n ní níbo ni mo ń lọ. Mo ní Cholula. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Mo fi ìwọ̀nba Sípáníìṣì tí mo kọ́ nígbà tí mo ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ sọ fún wọn pé òkè kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ wò. Wọ́n wo ara wọn. Mo fa káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà mi yọ. Ọ̀gá wọn gbé e sí oòrùn, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí ó fi eyín tẹ̀ ẹ́ wò. Káàdì náà dá a lójú. Ìhà tí mo kọjú sí ni kò yé e. Gbogbo ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ tèmi lójú títì yẹn, Amẹ́ríkà ni ó ń lọ. Èmi nìkan ni mo ti dé ibẹ̀, tí mo ti gba káàdì, tí mo wá fi ẹsẹ̀ ara mi padà wá, tí mo ní òkè ni mo ń wò. Ẹni tí ó bá ń ṣe irú èyí, ó ní ohun tí ó gbé sínú bùútù.

Wọ́n ṣí bùútù. Ìyàwó mi kì í sì í ré òkun kọjá láìmú gààrí dání. Ajá wọn rìn kọjá aṣọ, ó kọjá bàtà, ó dé ìdí gààrí Ìjẹ̀bú, ó jókòó tì í, ó sì kọ̀, kò dìde mọ́. Ẹ wo ọ̀ràn: nǹkan funfun lẹ́bú nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, lójú títì Mẹ́síkò, lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò mọ ìhà tí ayé ń rìn sí! Mo ní oúnjẹ ni. Ọ̀gá wọn ní bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, kí n jẹ ẹ́. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ gààrí lábẹ́ òfin. Ìyàwó mi gbé ife wá, ó da ṣúgà sí i, ó sì ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítorí ó ní bí wọ́n tilẹ̀ máa tì mí mọ́lé, òun kò ní jẹ́ kí n mu gààrí lásán. Mo da omi sí i, gbogbo wa sì dúró. Gààrí wú. Nígbà tí wọ́n rí i tí ó ń wú, ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sún sẹ́yìn. Ẹlẹ́pà yẹn ni ó gbà mí: ó wá, ó bu díẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ ni, ó sì bá wọn wí ní ohùn tí ìyá fi ń bá ọmọ wí.

Abẹ́ tapólì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n kó àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan sí. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Kamẹrúùnù, rí ife ọwọ́ mi, ó sì pe gààrí lórúkọ. Mo gbé e fún un. Kò fi ìkánjú mu ún. Ó ń fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀, ó sì ń yọ ẹ̀pà sọ́tọ̀ fún ọmọ kékeré kan tí kò jọ ọmọ tirẹ̀. Ó bi mí pé ṣé Houston dára. N kò mọ ohun tí mo lè wí. Lọ́dún tí ìyá mi kú, ìwé mi wà lórí tábìlì ẹnì kan, wọ́n sì ní bí mo bá fi lè jáde, kí n má rò ó pé n ó wọlé mọ́. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó, nẹ́tíwọ̀kì sì já kí wọ́n tó bò ó tán. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé Houston dára. Wọ́n dá káàdì mi padà, wọ́n ní kí n gbádùn Mẹ́síkò. Ìyàwó mi kò béèrè ife rẹ̀.

Fóònù dún kí n tó tan mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn aláṣọ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mi dúró ni.”

“Yéè! Ṣé wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ?”

“Rárá o.”

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fi èyí tí wọn kò gbà yẹn ránṣẹ́.”

N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ nípa Orizaba. Òkè tí ó ga jù lọ ní gbogbo Mẹ́síkò wà níbẹ̀, 5,636 mítà ni gíga rẹ̀, ìkùukùu sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń yí gun òkè Maltrata, tí ọkọ̀ àjàgbé ń mí hẹlẹhẹlẹ níwájú wa, tí ìyàwó mi sì ń pe orúkọ Jésù ní gbogbo kọ́nà.

Puebla, ní tirẹ̀, tó ìlú. Ọdún 1531 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ojú ògiri àwọn ilé rẹ̀ kún fún táìlì aláràbarà tí wọ́n ń pè ní Talavera. Ibẹ̀ ni Ignacio Zaragoza ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Faransé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, 1862. Goliad ni wọ́n ti bí ọ̀gágun náà, ní ilẹ̀ tí ó ti di ara Texas báyìí. Ọtí sì ni àwa ará Texas ń fi ọjọ́ yẹn mu. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ wọn ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n gbé itan tòlótòló kan ka iwájú wa, ọbẹ̀ dúdú tí ó ki bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, yànmọ̀tí sì wà lórí rẹ̀. Mole ni wọ́n ń pè é. Oríṣiríṣi ata gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, kòkó náà sì wà níbẹ̀. Mo ní kòkó o! Bàbá bàbá mi gbin kòkó lẹ́yìn Mọ́níyà títí ó fi kú, ó sì rò pé owó orí ni wọ́n ń fi í san. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ọbẹ̀ ni. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó dákẹ́, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní ọbẹ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sè é gbàgbé irú. Àgbàdo, ata, kòkó àti tòlótòló fúnra rẹ̀, apá ibí yìí ni gbogbo wọn ti dé ọ̀dọ̀ wa, a sì jókòó síwájú onílé, a ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń se é.

A dé Cholula níkẹyìn, a sì rí òkè náà. Pírámíìdì ni, koríko ni ó bò ó tí ó fi dà bí òkè. Kò sí pírámíìdì mìíràn láyé tí ó gbòòrò tó o, ti Íjíbítì kàn fi gíga jù ú ni. Àwọn Sípáníìṣì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ṣóńṣó orí rẹ̀, ìyàwó mi sì yìn wọ́n pé wọ́n mọ ibi tí a ń pè ní òkè àdúrà. Wọ́n máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì 365 ni ó wà ní Cholula. Iye wọn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tí ó bá sì ti gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí kò ní yà á lẹ́nu bí ó bá tilẹ̀ tó.

Ìyàwó mi ti ra àkẹtẹ̀ fún gbogbo ẹbí, nítorí ó ní a kò lè lọ síbì kan kí a sì padà lọ́wọ́ òfo, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tí kò gba ọwọ́ ni ó dé mi lórí. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn, mo ń mí, mo kọjú sí òkè Popocatépetl tí ń rú èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Ó pẹ́ tí n kò ti jókòó bẹ́ẹ̀ láìsí pé mo ń wo aago. Ni òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ bá dúró níwájú mi. Ó tọ́ka sí àwọn àkẹtẹ̀ náà, ó sì fi Sípáníìṣì tí kò dára tó tèmi béèrè pé èló ni. Mo wo ìyàwó mi, ìyàwó mi náà wò mí. Mo lè sọ fún un pé Houston ni èmi náà ti wá. Mo lè fa káàdì yọ.

Mo pe ìlọ́po méjì iye tí a rà á. Ó ná an. Ìyá tí ó bí mi ta aṣọ òfì ní ọjà Òjé títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Mo gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó máa lọ. Ó lọ, ó padà wá. Ó ra méjì, ìyàwó rẹ̀ ra ọ̀kan. Nígbà tí mo gbójú sókè láti sọ fún ìyàwó mi, ó ti sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹni tí ó tà á fún wa, kí onítọ̀hún tó palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.