Akátá Ló Kàn, Kì Í Ṣe Adìyẹ

"À kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí." Ní Kétu níbí, ọmọdé ti gbọ́ òwe yìí kó tó fojú kan akátá. Adìyẹ jẹ̀bi o: ta ló ní kó jẹ̀ dé etí igbó? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tí akátá ti di ọrùn rẹ̀ mú, ìyẹ́ ni yóò bá wí nígbẹ̀yìn.

Ìyá kan ládùúgbò wa rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oògùn olóró sára nínú àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀. Igbe ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ dé, wọ́n nà án, wọ́n tì í síta. Ojú ló ń tì wọ́n, ó yé mi. Àmọ́ àwa tí baba wa fi Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè odi Kétu, ṣọ́ ìlú, ó yẹ ká mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni ọ̀tá kọ́kọ́ ń bá. Níbi tí ọmọ náà sùn lóru ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ẹni mẹ́ta ń gbà lọ́wọ́ ara wọn.

Akátá nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó kù nínú abẹ́rẹ́ ló ń gbé sídà (éèdì) àti àrùn ẹ̀dọ̀ kiri; kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ C lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó gbé e dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan ti lé e rí. Ní Amsterdam, lọ́dún 1984, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gún oògùn sára ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ àlòkù, tí wọ́n ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ B. (Àwọn tí aráyé ń pè ní aláìnírònú ló ronú kàn án!) Nítòsí wa, ní Dakar, ibùdó kan ti wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn Fann láti ìparí ọdún 2014, tí wọ́n ti ń fún àwọn tó ń gún oògùn sára ní methadone, oògùn ìwòsàn kan, mu, kí ara wọn má baà máa béèrè heroin, oògùn olóró.

"Ṣé ká wá máa fi abẹ́rẹ́ ta ọmọ lọ́rẹ?" Wọ́n ti bi mí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé abẹ́rẹ́ tuntun kì í sọ àwọn tó ń lo oògùn di púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fọwọ́ sí i.

Ìyá yẹn ti wá ọmọ rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ. Ìbáwí kún ẹnu rẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ló kọ́kọ́ gbé fún un.