"Ó fọ́", "wọ́n fọ́ ọ", àti passive voice tí tíṣà fi ń dẹ́rù bà wá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì wá bá mi. Wọ́n ní kó yí gbólóhùn mẹ́wàá sí passive voice, ìyẹn kí ẹni tàbí ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí wà níwájú gbólóhùn. Ó ti ṣe àkọ́kọ́ sílẹ̀: "Tola kicked the ball" ti di "The ball kicked Tola." Bọ́ọ̀lù ti gbá Tọ́lá! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, àmọ́ mi ò bá a wí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: gbé ti ẹ̀yìn síwájú, gbé ti iwájú sẹ́yìn, fi "by" sí i. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí à ń torí ẹ̀ ṣe é fún wa.

Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Tí o bá wá fóònù ẹ tì, kí lo máa ké?"

"Wọ́n ti jí fóònù mi!"

"Àwọn wo?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ẹ ò rí i, ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. "Wọ́n" yẹn kì í ṣe ẹnì kankan, ó kàn fi dí àyè ẹni tí kò mọ̀ ni. Níbi tí àwa ti ń fi "wọ́n" dí àyè, Òyìnbó sábà máa ń yọ ẹni náà kúrò pátápátá: "My phone has been stolen." "Wọ́n bí mi ní Ìbàdàn" náà, "I was born in Ibadan" ni. Ojú ọmọ náà là. Òun fúnra ẹ̀ ló ṣe ìyókù, àfi "was ate" kan tí mo bá a tún ṣe sí "was eaten".

Àwọn kan máa ń sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ lo passive rárá. Mi ò gbà. Ẹ wo ìtàn Àjàyí Crowther: wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, wọ́n tà á, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú omi lọ́dún 1822, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. "Wọ́n" mẹ́rin nìyẹn, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tí kálukú wọn ń tọ́ka sí: ológun, oníṣòwò ẹrú, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "Ajayi was captured, sold, rescued, consecrated." Àjàyí ni ojú wa wà lára ẹ̀ látòkè délẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, passive ṣiṣẹ́ ju "wọ́n" tiwa lọ.

Ibi tó ti ń bí mi nínú ni ibi tí wọ́n ti ń fi í sá pamọ́. Ní January 1987, Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí ohun ìjà tí ìjọba ẹ̀ tà fún Iran níkọ̀kọ̀, ó ní "serious mistakes were made." Lóòótọ́, ó ti kọ́kọ́ sọ pé ọrùn òun ni ẹ̀bi náà wà, síbẹ̀ gbólóhùn yìí ò ní ẹni tó ṣe àṣìṣe kankan nínú.

Àwa náà ò kúkú mọ́. Ọmọ wo ló fọ́ abọ́ rí tó sọ pé "Mo fọ́ ọ"? "Ó fọ́" ni gbogbo wa ń wí. Màmá mi á ní, "Ó fọ́? Ṣé ó ń rìn lọ tẹ́lẹ̀ ni?"

Lọ́dún tó kọjá, ọ́fíìsì kan kọ̀wé sí màmá yìí kan náà: "Your file has been misplaced." Mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn pé fáìlì wọn ti sọnù. Wọ́n yọ awò ojú wọn (ti ọ̀wọ̀ ni "wọ́n" yìí o), wọ́n wò mí. "Ó sọnù? Ta ló gbé e sọnù?" Mo tún lẹ́tà náà kà látòkè délẹ̀. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ni mo bá kọ ìbéèrè màmá mi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì náà bó ṣe rí: "Who misplaced it?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé: "Your complaint has been noted."