Ìpinnu Àkúrẹ́: Ẹ Má Ṣe De Ọmọdé Lọ́wọ́

Ìpinnu tí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ fẹnu kò sí ní Àkúrẹ́ lóṣù kọkànlá ọdún 2025, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní gbogbo ilé-ìwé dípò èdè abínibí, tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde rẹ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan. Ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́fà yóò ṣe máa kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, a ó sì tún un sọ: ojú, ọwọ́ àti ẹnu ni ọmọdé jọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó bá fọwọ́ kàn ló máa ń bèèrè ìdí rẹ̀, èdè tó bá sì gbọ́ ló máa fi ń bèèrè. Ẹni tó bá gba èdè yẹn lẹ́nu ọmọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ti dè é lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí kò sí bí ọmọ yóò ṣe máa tú nǹkan wò, tí yóò máa tò ó, tí yóò máa gbìn ín, tí kò ní í fẹ́ sọ ohun tó rí.

Mínísítà ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. A ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yà wá lẹ́nu pé kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì ńlá bẹ́ẹ̀ tó jókòó ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síta. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sì sọ ọ́ kedere pé kò tíì lè múlẹ̀ àfi bí ìwé ìkọ́ni àti olùkọ́ bá ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé wọn ò dúró de ìwé, wọn ò dúró de olùkọ́, tí ọmọ kan wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlànà náà kọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kíláàsì kẹta ni ọmọ yẹn wà nígbà tí wọ́n ń ṣèpàdé ní Àkúrẹ́. Ọdún 2035 ni yóò tó jókòó ṣe WAEC. Ọmọ wo wá ni ìlànà yìí mú fìdí rẹmi?

Bí wọ́n bá sì ní ìlànà ọdún 1977 ni àwọn ń bá wí, èyí tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ, kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a ó dáhùn pé orí ìwé ni ìlànà yẹn ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Oníṣègùn kíndìnrín ni mínísítà kó tó di mínísítà, ó sì mọ̀ jù wá lọ pé a kì í fún aláìsàn lóògùn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí ìbọn ti lé olùkọ́ àti ọmọ kúrò ní ilé-ìwé, tí olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta pọ̀, tí ọmọ ń fi ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣe àga, ṣé èdè ìyá ọmọ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ mú sínú àtìmọ́lé?

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ìdáhùn kò jìnnà sí ibi ìpàdé wọn. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ ní Àkúrẹ́ yóò ti dé Ilé-Ifẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Níbẹ̀, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ láti ọdún kìíní títí dé ìkẹfà, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Apá kejì tẹ̀ lé ìlànà tó wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì pátápátá. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé nínú iṣẹ́ Ifẹ̀ ni ìdí tí Fáfúnwá fi dáwọ́ lé e. Kì í ṣe kí ọmọ lè gbọ́ Yorùbá. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ti gbọ́ ọ láti ilé. Ọmọ tó ń wá ìdí nǹkan ló ń wá, ọmọ tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tó lè mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, tí kì í dúró kí wọ́n tó sọ fún un kó tó dá nǹkan ṣe. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè abínibí ni ọmọ Nàìjíríà yóò fi ní irú ìwà àti ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ìwé tuntun, tí wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Wọn ò kàn tú ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá kí wọ́n gbé e fún olùkọ́ pé kó máa kà á sọ́mọ létí.

Ẹ wo ọmọ ayò. Ihò méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin nínú ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ẹ da wọn sílẹ̀ níwájú ọmọ ọdún méje, kí ẹ ní kó kó wọn jọ ní ogún-ogún. Yóò rí ogún méjì tó pé, yóò rí ẹ̀kẹta tí kò pé, ọmọ mẹ́jọ péré ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá fi méjì kún un, ó di àádọ́ta. Bí ó bá tún fi mẹ́wàá kún ìyẹn, ogún mẹ́ta pé, ọgọ́ta nìyẹn. Orúkọ tí ọmọ náà ti ń pè lẹ́nu láìrò ó, méjì dín ní àádọ́ta, wá di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ní ìjókòó kan, ó ti ro nǹkan pọ̀, ó ti yọ nǹkan kúrò, ó sì ti rí i pé àwọn baba ńlá òun ti fi ìṣirò sínú orúkọ. Owó mélòó ni ìyẹn ná ìjọba? Kóró ayò wà lábẹ́ igi.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí àwa fojú ara wa rí ní ilé-ìwé ìjọba kan tí a kì yóò dárúkọ. Olùkọ́ kọ "germination" (híhù irúgbìn) sí pátákó, àwọn ọmọ bí ọgọ́rin sì ń pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹsẹ kan náà, bí ẹni ń ké ọfọ̀. Lábẹ́ fèrèsé kíláàsì yẹn ni àwọn alásè ti máa ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn kan tó bọ́ sílẹ̀ ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èèpo ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Nígbà tí wọ́n jáde, a pe ọmọkùnrin kan, a ní kó sọ ohun tí wọ́n kọ́. Ó ka ìtumọ̀ náà láìmí. A nawọ́ sí ẹ̀wà ilẹ̀ yẹn, a bi í pé kí ló ṣe èyí. Ó ní, "Ó hù ni, sà." A bi í bóyá ohun tó hù yìí bá ohun tó kà tán tan. Ó wo ẹ̀wà, ó wò wá, ó mi orí pé rárá. A kò dá olùkọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Ìlànà ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ní olùkọ́ kan sí ọmọ márùndínlógójì. Ọmọ bí ọgọ́rin ni wọ́n kó fún obìnrin yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti ohùn rẹ̀ nìkan.

Ọkàn ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ yín yé wa. Òun ni wọ́n ń fi wáṣẹ́, òun ni wọ́n ń fi ṣe ìdánwò, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí ọmọ má kọ́ ọ. Ohun tí Ifẹ̀ fi hàn ni pé Gẹ̀ẹ́sì dára lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n, ní wákàtí tirẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ gbogbo olùkọ́, tó mọ̀ ọ́n àti tí kò mọ̀ ọ́n, láti àárọ̀ di ìgbà tí aago bá lù. Àwọn ilé-ìwé aládàáni tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá, àti àwọn tó ń fi pàṣán dá a lóhùn, kò kọ́ ọmọ kankan ní Gẹ̀ẹ́sì nípa bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pé ẹnu òun yóò ṣì kì í bèèrè nǹkan mọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn gómìnà wa gan-an ni ẹjọ́ yìí wà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ Àbújá; ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ló fi í sí. Kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe ìpinnu Àkúrẹ́. Kí ni àwọn kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá sọ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀? Ta ni nínú wọn tó dárúkọ Ifẹ̀? Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin ní ọdún 2018 pé kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ǹjẹ́ kọmíṣọ́nnà Èkó mú òfin yẹn dání lọ sí Àkúrẹ́? Ó ti sú wa láti máa gbọ́ àwọn olóṣèlú tó ń kí ara wọn ní Yorùbá aládùn níbi ìwúyè, tí wọ́n ń fi Awólọ́wọ̀ àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 búra, tí ohùn wọn sì máa ń wọlẹ̀ bó bá ti di ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ aláìní yóò fọwọ́ kàn ní kíláàsì.

Owó kì í sì í ṣe àwíjàre. Láti ọdún 2004 ni òfin ti ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lábẹ́ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Kí ìpínlẹ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá ni, kó sì gba ti ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún ni à ń gbọ́ pé owó ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lọ gbà á, àwọn tó bá sì gbà á, ògiri àti ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi í ṣe, nítorí ògiri ni wọ́n lè já ríbọ́ǹ sí iwájú rẹ̀.

A fẹ́ kí gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó kí sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ sójú táyé pé Yorùbá ni wọn yóò máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wọn, pẹ̀lú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀tọ̀. Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú ilé-ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi bẹ̀rẹ̀, kí kíláàsì ibẹ̀ má kọjá ọmọ márùndínlógójì, kí wọ́n sì yọ nínú owó UBEC ra òṣùwọ̀n, agolo ìgbìn-nǹkan, amọ̀, okùn ìwọn-nǹkan àti ìwé Yorùbá kí wọ́n tó ra ọ̀dà. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ Ifẹ̀ jáde ní ìwé ní ọdún 1989. Kí alága SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, kọ̀ọ̀kan wá ẹ̀dà kan, kó kà á tán, kó sì gbé e lọ bá gómìnà rẹ̀.