Ta ló ní ìmọ̀ nípa àwùjọ kì í ṣe sáyẹ́ǹsì?

Ó ti sú mi. Kò sí òde àríyá tí mo lè lọ tí ẹnì kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ tí mo kọ́, pé kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ní tèmi: ní ọdún 2003, nígbà tí ìpínlẹ̀ Kano dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, kí ló ṣe oògùn náà? Kò sóhun tó ṣe é. Àhesọ ni wọ́n gbọ́ pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn, wọn kò sì tíì gbàgbé ìdánwò oògùn tí Pfizer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, ṣe lára àwọn ọmọdé níbẹ̀ ní ọdún 1996. Kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, àrùn náà ti kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Maikirosíkóòpù wo ló ń fi àìfọkàntán hàn?

Mo gbà pé ìwádìí wa máa ń kùnà, nítorí òkúta kì í purọ́ fún onímọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n baálé ilé lè purọ́ fún mi nípa iye owó tí ó ń gbà. Ìyẹn ló mú kí iṣẹ́ náà le, kò sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́.

Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Sátidé tó kọjá ṣì ní kí n bá òun wádìí ìdí tí àwọn aráàdúgbò kò fi wá sí ilé ìwòsàn tuntun tí ọmọ òun ṣí. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni o.