Ẹ̀dínwó upgrade kìí ṣe èènì o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí jáde torí ó ti ń dùn mí látọjọ́ yìí. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe graphics, àwọn ará ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú àtàwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá wọn, ọ̀pọ̀ ló gbàgbọ́ pé téèyàn bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà kan, owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe upgrade, ìyẹn kó fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, á máa dín kù ni, torí "kọ́sítọ́mà àtijọ́ ni mí, wọ́n mọ̀ mí". Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yẹn ti wá. Ìyá tẹ́ ẹ ti ń ra gààrí lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún márùn-ún, tó bá ti wọn kóńgò yín tán á tún bu èènì lé e, á ní oníbàárà òun ni yín. Ojú tá a fi ń wo ìyá onígààrí yẹn la fi ń wo àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà, ibẹ̀ la ti ṣì í.

Gààrí ń tán. Tó bá tán ẹ máa padà lọ rà, ìyá yẹn sì mọ̀ pé ìsọ̀ mẹ́wàá míì wà lọ́jà tẹ́ ẹ lè yà sí, ìdí nìyẹn tó fi ń bu èènì. Sọ́fítíwíà kìí tán o. Photoshop, sọ́fítíwíà tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, tẹ́ ẹ rà lọ́dún 2008 ò ní gbó, ò ní hu olú, bó ṣe gé fọ́tò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣe máa gé e lónìí tí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹ̀ bá ṣì ń tàn. Ẹni tó wá fẹ́ ta tuntun fún yín, ta ló ń bá a du owó yín? Ohun tóun fúnra ẹ̀ ti tà fún yín tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ti àtijọ́ tẹ́ lọ́rùn, ẹ̀yin gan-an lẹ nira jù láti tajà fún, tó bá bu iye tí ẹni tuntun ń san fún yín ẹ máa ní kó máa gbé e lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó já owó wálẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ wo Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni Photoshop. Photoshop CS6, ẹ̀dà tó jáde lọ́dún 2012, dọ́là 699 ni fún ẹni tí ò ní in rí, dọ́là 199 fún ẹni tó ń ṣe upgrade. Àwọn èèyàn rí dọ́là 500 tí wọ́n yọ yẹn, wọ́n ní ìfẹ́ ni. Àmọ́ kí CS6 tó jáde, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹni tó bá ní èyíkéyìí nínú ẹ̀dà mẹ́ta tó ṣáájú ló máa ń rí iye upgrade gbà, nígbà tó di November 2011 Adobe kéde pé ó ti parí, àfi ẹni tó bá ní CS5 tàbí CS5.5, àwọn ẹ̀dà tó jáde kẹ́yìn ṣáájú CS6. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó ti rà á láti ìgbà CS3, ẹ̀dà tó pẹ́ ju ìyẹn lọ, tó ṣì wà lórí ẹ̀, tó ti náwó sí i, ni wọ́n fẹ́ máa pè ní àlejò. Scott Kelby, ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Photoshop ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kọ lẹ́tà síta sí wọn lóṣù yẹn náà, ariwo pọ̀, nígbà tó di January 2012 wọ́n ní ó dáa, àwọn tó ní CS3 àti CS4 náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n títí di December 31 ọdún yẹn nìkan. Ariwo ló gba ìyẹn fún wọn o, kìí ṣe pípẹ́ tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni May 2013 dé, Adobe ní àwọn ò ní ṣe ẹ̀dà tuntun téèyàn lè rà lẹ́ẹ̀kan kó di tiẹ̀ mọ́, Creative Cloud tí wọ́n ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù nìkan ló kù, dọ́là 49.99 lóṣù. Ẹni tó ní CS3 títí dé CS5.5 á máa san dọ́là 29.99, ẹ wá gbọ́ o, fún ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Tí ọdún bá ti yí po, iye kan náà ni ẹni ọdún mẹ́wàá àti ẹni àná ń san. Èmi ò rò pé wọ́n ṣàdédé burú sí i. Ohun tó yí padà ni pé téèyàn bá ti ń san lóṣooṣù, kò sí ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ọjọ́ tó bá dáwọ́ owó dúró ni ilẹ̀kùn máa tì, nítorí náà kò sẹ́ni tí wọ́n ń bá du owó yẹn mọ́, kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ẹ̀dínwó ṣe?

Àwọn kan á ní Windows 10 ńkọ́, ṣebí ọ̀fẹ́ ni Microsoft fún wa. Òótọ́ ni, láti July 29, 2015, odidi ọdún kan. Àmọ́ ẹni tó ní Windows 7 tàbí 8.1 ló wà fún, ẹni tó ra Windows 8.1 lánàá wọlé, ẹni tó ti ń lo Windows XP láti 2001 ò rí nǹkan kan gbà. Tó bá jẹ́ pípẹ́ ni wọ́n ń wò, ta ló pẹ́ jù nínú wọn? Microsoft fúnra wọn ti sọ pé àwọn fẹ́ kó wà lórí ẹ̀rọ bílíọ̀nù kan láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, iye orí ni wọ́n ń kó jọ.

Apá tó ń dùn mí jù ni pé nígbà míì ẹni àtijọ́ ló ń san jù. Aperture 3, sọ́fítíwíà fọ́tò tí Apple ṣe, lọ́dún 2010 dọ́là 99 ni upgrade ẹ̀, January 2011 tí Mac App Store, ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Apple ti ń ta sọ́fítíwíà, ṣí, dọ́là 79.99 ni ẹnikẹ́ni tó bá dé ń rà á. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, mo ra hosting, ìyẹn ààyè tí wẹ́bsáìtì ń gbé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún wẹ́bsáìtì kọ́sítọ́mà mi kan, ọdún kìíní pọ́ọ́kú, ọdún kejì wọ́n yọ ìlọ́po mẹ́ta nínú káàdì mi láìpè mí, mo wá ṣí ojú ìwé wọn láìwọlé sí account mi, iye pọ́ọ́kú yẹn ló ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tuntun. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ará wa ní London mọ irú ẹ̀ nídìí ínṣọ́ránsì mọ́tò, ó burú débi pé láti January 1, 2022 ni FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó ní Britain, ti kà á léèwọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì mọ́tò tàbí ti ilé gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un san ju iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tuntun lọ.

Ohun témi ń ṣe báyìí, ọjọ́ tí mo bá ra nǹkan ni mò ń pa auto-renew, ìyẹn bí wọ́n ṣe máa ń yọ owó fúnra wọn tí ìgbà bá tó, mo kọ ọjọ́ tó máa parí sínú fóònù, tó bá ku oṣù kan mo máa lọ wo iye tí wọ́n ń tà á fún àlejò kí n tó kọ̀wé sí wọn pé mò ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, ibi tí mo ti tẹ cancel gan-an ni ẹ̀dínwó ti yọjú, ohun tí wọn ò fún mi fọ́dún mẹ́ta tí mo fi ń sanwó déédéé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo InDesign, sọ́fítíwíà Adobe tá a fi ń to ojú ìwé, gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ fi IDML, irú fáìlì tí ẹ̀dà àtijọ́ náà lè kà, pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ INDD ẹ̀, ìyẹn fáìlì InDesign gan-an, torí InDesign CS6 àtijọ́ ò lè ṣí INDD ti tuntun, IDML yẹn ló lè ṣí.