Ọmọ Wa Ni, Ẹ Jẹ́ Kí Singapore Ṣe É

Àṣà kan ti gbòde láàárín àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀làjú: a kì í jẹ, a kì í mu, a kì í sì í lò, àfi ohun tí ó bá jẹ́ tiwa-n-tiwa. Ẹni tí kò bá tíì pariwo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé àdúgbò tàbí ní ìdí ọtí, a ó máa wò ó bí ẹni tí ó fẹ́ ta ìlú fún ọ̀tá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí mo sì lọ jókòó síbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ àdúgbò wa, lábẹ́ pátákó gbàgàdà kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Tẹni n tẹni, àkísà n tààtàn."

Alága wa jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ti jẹ wá jẹ wá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wá dé egungun, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ẹgbẹ́ tí a bá ká ọjà àjèjì mọ́ lọ́wọ́ yóò san owó ìtanràn. A pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò Star sókè, ó ní, "Ẹ wo èyí! Ọmọ wa ni. Ọtí tí àwọn bàbá wa mu nìyí." Kò parọ́ pátápátá, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 1949 ni Star ti ń jáde láti Ìgànmú ní Èkó, bàbá tèmi náà sì bá wọn mu nínú rẹ̀. Ohun tí Alága kò fi kún un ni pé Heineken, ará Netherlands, ni ó ni ìpín tí ó ju ìdajì lọ nínú Nigerian Breweries, tí ó fi jẹ́ pé bí a ti ń gbé ìgò náà sókè láti fi bú òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni òyìnbó ń jẹ èrè tirẹ̀ lórí ìgò náà. Àwa ni ayálégbé tí ń ti inú yàrá onílé bú onílé, tí owó ilé kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Mo wá fara balẹ̀ wo tábìlì tí ó wà níwájú mi. Agolo Peak wà níbẹ̀ fún àwọn àgbà tí kì í mu ọtí. Ilé-iṣẹ́ FrieslandCampina ni ó ni Peak, àwọn tí ó sì ni FrieslandCampina ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ tí ń sin màlúù ní Netherlands àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Àwa náà ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní àdúgbò wa. Gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò ju igba àga oníke, àtíbàbà mẹ́rin, àti ẹjọ́ kan tí a ń bá akápò àná ṣe. Tiwọn ni ó ni ago tíì wa. Ní ẹ̀gbẹ́ Peak ni Bournvita wà, èyí tí wọ́n fi kòkó ṣe, kòkó tí ó lè jẹ́ pé ní Ìdànrè ni wọ́n ti ká a. Orúkọ Bournville, àdúgbò kan ní Birmingham, ni ó wà lára rẹ̀. Kraft ti Amẹ́ríkà ra Cadbury tí ó ni ín ní ọdún 2010, láti ọdún 2012 sì ni ó ti wà lábẹ́ Mondelez ti Chicago. Nínú gbogbo ohun tí ó ń ti ilẹ̀ wa lọ sí Chicago, èrè Bournvita nìkan ni n kò tíì gbọ́ pé ó tò lórí ìlà físà.

Àwọn ọmọdé ti ṣù mọ́ ìdí Indomie ní tiwọn. Bí ẹ bá ń wá ìjà, ẹ sọ fún abiyamọ kan pé Indomie kì í ṣe oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1988 ni Tolaram, ilé-iṣẹ́ tí orí rẹ̀ wà ní Singapore, kọ́kọ́ kó o wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà. Lónìí, orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe gbogbo irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ṣe é. "Indo" tí ó ṣíwájú orúkọ náà, Indonesia ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí ebi ń pa?

Agbo ilé tí ó kó Indomie wọ ilẹ̀ wa kan náà ni ó wá fẹ́ Guinness. Ní ọdún 2024 ni Diageo ti London ta ìpín 58.02 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ní nínú Guinness Nigeria fún Tolaram. Ọtí náà, ọmọ Dublin ni. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Diageo. Àgbá tí wọ́n ti ń pọn ọ́n wà níbí. Àpò tí èrè ń lọ wà ní Singapore. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó jókòó tì mí, tí ó ti mu ìgò mẹ́ta, sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ni ọtí dúdú yìí ń fún ènìyàn. Mo bi í pé, ẹ̀jẹ̀ ará ibo? Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ni ó pe ìpàdé pàjáwìrì sí ìdí ọtí nígbà tí ìròyìn títà náà jáde, tí ó ń ké pé òyìnbó ti ń sá lọ, pé ìlú ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó dárò ní ọdún 2023, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì GSK àti Procter & Gamble kéde pé àwọn ń kógbá sílé. Bí àjèjì bá ra ilé-iṣẹ́, a ó ní wọ́n ti gba ogún wa. Bí ó bá tà á, a ó ní wọ́n ti já wa jù sílẹ̀. Ìyàwó tí ń lé ọkọ jáde, tí ó tún ń di bàtà ọkọ mú lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣe jù báyìí lọ.

Gbọ̀ngàn tí a jókòó sí gan-an kò ṣeé yọ sílẹ̀. Alága na ọwọ́ sí ògiri, ó ní sìmẹ́ǹtì alámì erin ni a fi kọ́ ọ, láti Ewékorò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọmọ wa pátápátá. Èyí ni ó ká mi lára jù, nítorí pé ọtí lè ti Dublin wá, ṣùgbọ́n òkúta ẹfun Ewékorò kò ti ibì kankan wá; ibẹ̀ ni ó wà kí ẹnikẹ́ni ní London tó gbọ́ orúkọ Ẹ̀gbá. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní ìpín nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Gẹ̀ẹ́sì tí a wá mọ̀ sí Blue Circle. Lafarge ti ilẹ̀ Faransé ra Blue Circle ní ọdún 2001, ó sì bá Ewékorò nínú rẹ̀, bí ẹni tí ó ra àpò òkìrìkà tí ó sì bá owó nínú rẹ̀. Ní ọdún 2015, Lafarge àti Holcim ti Switzerland di tọkọtaya. Nígbà tí ó yá, orúkọ ìyàwó pòórá, ó ku ti ọkọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Holcim kéde pé òun ń ta ìpín 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà, ní ìdíyelé tí ó fi gbogbo ilé-iṣẹ́ náà sí bílíọ̀nù kan dọ́là. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ibi tí ó ti rú mi lójú ni pé Holcim fúnra rẹ̀ ni ó ni ìpín tí ó ju ogójì lọ nínú ọgọ́rùn-ún nínú Huaxin. Ẹni tí ó tà á wà nínú ẹni tí ó rà á. Bí ó bá jẹ́ ìgbéyàwó ni, bàbá ìyàwó gba owó orí tán, ó tún yí agbádá dà, ó lọ jókòó sí àga ọkọ, àwa ará ilé sì ń jó lọ ní tiwa, a kò mọ ẹni tí à bá fi owó lé lórí.

Fóònù Alága dún níbi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́. 0802 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún 2001, ó sì máa ń fi yangàn pé òun kò yí padà rí. Òun kò yí padà lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni nọ́ńbà náà ni ó ti jẹ́ Econet, tí ó jẹ́ Vodacom fún ìgbà díẹ̀, tí ó jẹ́ Vmobile, tí ó jẹ́ Celtel, tí ó jẹ́ Zain nígbà tí ará Kuwait ni ín, tí ó sì di Airtel ní ọdún 2010 nígbà tí ará Íńdíà rà á. Abíkú kì í ní orúkọ tó bẹ́ẹ̀.

Kí a má purọ́, ìjọba ti gbìyànjú rí. Ní ọdún 1972, ìjọba Gowon ṣe òfin pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí àjèjì kò gbọdọ̀ ṣe mọ́, irú bíi búrẹ́dì ṣíṣe, irun ṣíṣe àti aṣọ fífọ̀, àti pé nínú àwọn mìíràn, ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ní ìpín. Ìjọba Ọbásanjọ́ tún un fún le ní ọdún 1977. Bí òfin náà ṣe bọ́ sí ẹsẹ̀ nílẹ̀, mo gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá kan tí ó wà lórí ìjókòó iwájú lọ́jọ́ náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dáírẹ́kítọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ayé jẹ. Wọ́n fún mi ní mọ́tò, wọ́n fún mi ní awakọ̀, wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn."

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Iṣẹ́ wo ni ẹ máa ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo máa ń fọwọ́ sí ìwé."

"Kí ni ó máa ń wà nínú ìwé náà, Bàbá?"

Wọ́n wò mí tìyanutìyanu. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹni tí ó ní awakọ̀ ni yóò tún jókòó máa ka ìwé?"

Orúkọ Bàbá wà lára ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò òyìnbó. Wọn kì í ṣe àwọn nìkan. Irú wọn pọ̀ ní Èkó nígbà náà, wọ́n sì sin àwọn kan nínú wọn pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ìgbà tí ó wá di ọdún 1995, òfin mìíràn gba àjèjì láyè láti ni gbogbo ìpín pátá nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì tún nílò ìfọwọ́síwèé Bàbá mọ́.

Lónìí, aṣọ ìbojú ti yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà náà, òyìnbó ni ó ń wá ènìyàn dúdú tí yóò fi bojú. Nísinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá ni wọ́n ń wá àdírẹ́ẹ̀sì òyìnbó. Bí wọ́n bá ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, Delaware ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé olówó tí yóò fi owó sí i gbẹ́kẹ̀ lé ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ ju tiwa lọ. N kò bá wọn wí. Èmi náà mọ bí ẹjọ́ akápò àná ti pẹ́ tó. Nígbà tí Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack, ilé-iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń báni gba owó lórí ẹ̀rọ ayélujára, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ní iye tí ìròyìn sọ pé ó ju igba mílíọ̀nù dọ́là lọ, àdúrà tuntun wọ ẹnu àwọn òbí: "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ mi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kí òyìnbó sì rà á kí n tó kú." Pásítọ̀ tí ó ṣí àpèjọ wa lọ́jọ́ náà fi àdúrà yìí kún tirẹ̀, lábẹ́ pátákó tẹni-n-tẹni. Alága ni ó ṣe Àmín tí ó rinlẹ̀ jù.

Kì í ṣe pé àjèjì ni ó ń gbọ́n nígbà gbogbo o. Tiger Brands ti South Africa ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Dangote Flour Mills ní ọdún 2012, ìyẹ̀fun náà kó wọn ní ìyọnu, wọ́n sì dá a padà fún Dangote ní ọdún 2015 ní dọ́là kan ṣoṣo, owó tí kò tó ra búrẹ́dì ńlá kan. Ní ọdún 2019, Dangote tà á fún Olam ní nǹkan bí 120 bílíọ̀nù náírà. Ibo ni orí Olam wà? Singapore náà ni.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti UAC, United Africa Company àtijọ́. Orúkọ yìí ń rùn fún amúnisìn láti ìgbà George Goldie, òyìnbó oníṣòwò ayé amúnisìn, a kò sì rí i lórí pátákó ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ Unilever ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti ọdún 1994, ọwọ́ ọmọ ìlú ni ó wà, òun ni ó ń ṣe Gala, òun náà ni ó sì ra ilé-iṣẹ́ Chivita lọ́wọ́ Coca-Cola ní ọdún 2025. Èyí tí ń jẹ́ "Nigerian" di ti Heineken, èyí tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ajẹ́lẹ̀ di tiwa. Mo bi Alága bóyá ó ní ìpín ìdókòwò kan péré nínú èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé gbangba ni wọ́n ń tà wọ́n ní ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó. Ó ní, "Ìpín kẹ̀? Èmi kì í ta tẹ́tẹ́." Ẹnìkan tí ó ní díẹ̀ dá sí i pé òun kì í pa ìpàdé ọdọọdún jẹ, nítorí pé wọ́n máa ń pín àpò àti agbòjò níbẹ̀, àti pé ní ọdún kan, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kán ní apá níbi tí wọ́n ti ń jà á.

Nígbà tí ó yá, ìgbìmọ̀ owó ìtanràn bẹ̀rẹ̀ sí í yí káàkiri. Wọ́n yẹ tábìlì wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò rí ọjà àjèjì kankan. Mo nawọ́ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo mọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì dé Ewékorò tí olórin fi gbé ìlù sókè. Ìgbìmọ̀ fohùn ṣọ̀kan pé èmi nìkan ni mo jẹ̀bi, ẹ̀sùn náà sì ni pé orúkọ àjèjì pọ̀ lẹ́nu mi jù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Mo ní n kò mú owó dání. Akápò ní kí n má ṣèyọnu, ó fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ó ní kí n kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Paystack ni," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ wa ni."