Oòrùn kì í fa ibà: ẹ rántí ọdún kónílé-ó-gbélé

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Níbi ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa, ìyá kan ní ibà kò jẹ́ kí ọmọ òun gbádùn. Kíá ni bàbá àgbà kan ti dá a lóhùn: "Ẹ má jẹ́ kó máa ṣeré nínú oòrùn mọ́, oòrùn Àbújá yìí ló fà á." Gbogbo wọn ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, nítorí kò sí ẹni tó béèrè bóyá ọmọ náà ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Ṣé a ti gbàgbé 2020 ni? Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, Èkó àti Ògùn nítorí Kòrónà, ó sì wọ oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Lébìrà kò jáde, ọlọ́ja kò jáde. Tó bá jẹ́ oòrùn àti làálàá ló ń fa ibà, ó yẹ kí ibà sinmi. Kò sinmi o! Ṣọ́ọ̀bù òògùn ni mo wà nígbà náà. Àwọn tí kò tíì fẹsẹ̀ kan títì láti ọjọ́ pípẹ́ ń wá bá mi, ara wọn gbóná, òtútù ń mú wọn. Mo gún wọn níka, mo kán ẹ̀jẹ̀ sínú ike àyẹ̀wò, mo kán omi rẹ̀ tẹ̀ lé e, a jókòó dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ìlà pupa kejì á rọra yọ. Ibà ni. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni ẹ̀fọn ti bá wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á: 627,000 ènìyàn ni ibà pa lágbàáyé ní 2020, ó fi 69,000 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Nǹkan bí 47,000 nínú àlékún yìí, ìdíwọ́ tí Kòrónà mú bá ìdènà, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà ló fà á. Ní Áfíríkà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń pa. Iṣẹ́ inú oòrùn wo ni wọ́n ṣe?

Ẹ tún wo òkè Ọya níbi. Oṣù Kẹrin ni oòrùn máa ń mú jù ní Sókótó, ooru á kọjá ìwọ̀n 40. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò, tí ìkùukùu ti bo oòrùn, ni ibà máa ń le níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà òjò ni wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní òògùn ìdènà ibà lóṣooṣù ní Sókótó, Kánò àti Kàtsínà. Ní 2020 pàápàá wọn kò dá a dúró. Wọ́n fi ìbòmú bo imú, wọ́n ń pín in láti ilé dé ilé.

Wọ́n á ní, "Mo ṣiṣẹ́ nínú oòrùn lánàá, ibà dé lónìí." Ẹ̀fọn tó jẹ yín ní bí ọjọ́ 10 sí 15 sẹ́yìn ńkọ́? Ta ló ń rántí ìyẹn? Láti 1897 ni dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ronald Ross, ti rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ó lè jẹ́ pé àárẹ̀ ń jẹ́ kí èyí tó ti wà lára tètè hàn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún oòrùn tí kò so nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Lẹ́yìn ilé wa, ojú ẹsẹ̀ táyà típà kan gba omi òjò, omi náà mọ́ gaara. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: tanwíjí sùn gbalaja sójú omi, bí ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ṣe máa ń sùn, ti inú gọ́tà máa ń dorí kodò ni. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dí irú ibẹ̀. Ẹ so nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sùn sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó ra òògùn kankan fún un.